Fawziyah Temi, Gbogbo Ẹ̀ Lẹ́tà Kékeré

Dátà tó tán ló sọ Fawziyah di ojúlùmọ̀ Abdulmujeeb.

Híjáàbù ni Fawziyah ń tà ní Òkè Gada, ní Ẹdẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ gbé àwòrán ọjà sórí WhatsApp, àwòrán ò lọ. Ó wo ọ̀kánkán, ó rí onígbàjámọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, tó ń nu jígí. Ó sọdá, ó ní kó jọ̀ọ́ ṣàánú òun.

Ọmọkùnrin náà ní ẹ̀rọ wáífáì kékeré kan, ṣùgbọ́n páswọ́ọ̀dù tó bá a wá gùn bí ọ̀nà Ìlọrin. Fawziyah tẹ̀ ẹ́ títí, kò wọlé.

"Àǹtí, kí lorúkọ yín?"

"Àǹtí ta ni? Ṣé mo dàgbà jù ọ́ lọ ni? Fawziyah ni mò ń jẹ́."

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó tẹ nǹkan lórí fóònù tirẹ̀. "Ó ti yanjú. Orúkọ rẹ ni páswọ́ọ̀dù báyìí. O ò lè gbàgbé ìyẹn."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ gbà wọlé. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, orúkọ náà ti hu ìrù: *fawziyahtemi*. Ọjọ́ tí Abdulmujeeb sọ ọ́ fún un létí, híjáàbù ni Fawziyah fi bo ojú.

"Temi ta ni?"

"Tèmi ni. Àbí irọ́ ni?"

Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bàbá Fawziyah, Alhaji Ràṣídì tó ń ta páànù lójú ọ̀nà Sẹ̀kọ̀nà, kò mọ nǹkan kan. Nílé Alhaji, ọkùnrin tí kò tíì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá kí wọn kì í pe orúkọ ọmọbìnrin wọn káàkiri. Bí Fawziyah bá ní kó wá, Abdulmujeeb yóò wo àga kan ṣoṣo tó ní, yóò wo kílípà kan ṣoṣo tó fi ń gẹrun, yóò mí kanlẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi, jẹ́ kí n gbèrú díẹ̀. Ojú á tì mí níwájú Bàbá."

Kó lè gbèrú ló ṣe ra ẹ̀rọ wáífáì ńlá, tó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: GẸRUN NÍBÍ, GBA WÁÍFÁÌ Ọ̀FẸ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Póólì bò ó bí eéṣú. Ẹni tí irun rẹ̀ ò tíì kún gan-an ń wá gẹ̀ ẹ́. Ọ̀dà ara ògiri ò tíì gbẹ tó fi sọ fún Fawziyah pé òun máa yí páswọ́ọ̀dù náà padà.

Fawziyah ni ò gbà. Àwọn ọmọbìnrin Póólì náà ń wá gẹrun mọ́lẹ̀, àwọn olójú dídán wọ̀nyẹn. "Fi sílẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o ní ẹni," ó ní. Bó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka orúkọ rẹ̀ fún ara wọn lórí bẹ́ǹṣì, inú rẹ̀ a máa dùn bí inú ẹni tí wọ́n ń kì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, onígbàjámọ̀ tó ń fá orí Alhaji rìnrìn àjò. Fawziyah gbé ojú sókè, ó rí ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ lórí àga Abdulmujeeb. Àyà rẹ̀ kọ́kọ́ já, lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. Bóyá Ọlọ́run ló fẹ́ ṣe é ní ìrọ̀rùn.

Ìdajì orí ni wọ́n fá dé tí fóònù Alhaji fi ké. Ọmọ wọn tó wà ní Kútọnu fi àwòrán ọmọ tuntun ránṣẹ́, àwòrán ò ṣí. Alhaji ní kí wọ́n fún òun nínú wáífáì tí wọ́n kọ sára ògiri. Abdulmujeeb sáré na ọwọ́. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù wá, òun á bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ orí bẹ́ǹṣì fẹ́ ṣe àgbà lóore, wọ́n pa ohùn pọ̀:

"Fawziyah temi ni, Bàbá. Gbogbo ẹ̀ lẹ́tà kékeré."

Kílípà dákẹ́.

"Fawziyah wo?" Alhaji bi wọ́n.

Ọ̀kan fi ẹnu júwe ọ̀kánkán. "Ti híjáàbù yẹn, Bàbá. Ìyàwó ọ̀gá ni."

Ojú bàbá àti ọmọ ṣe mẹ́rin. Alhaji tú aṣọ ọrùn wọn, wọ́n de fìlà mọ́ orí tó ṣẹ́kù, wọ́n bá tiwọn lọ. Bí ilẹ̀ bá lanu lásìkò náà, Fawziyah ì bá kó wọ inú rẹ̀ tòun ti híjáàbù.

Nílé, Alhaji ṣí fìlà. Ọ̀tún ń dán kodoro, òsì funfun bí òwú. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń ṣe àlùwàlá, àwọn ní láti ṣí i fi omi pa orí, gbogbo mọ́ṣáláṣí ló wò ó.

Ìyá Fawziyah, Àwáwù, kò pariwo. "Orúkọ tí a fi àdúà sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ," ni wọ́n wí, "òun làwọn ọmọ Póólì fi ń wo bọ́ọ̀lù."

Alhaji bi Fawziyah bóyá ó mọ̀ sí i. Ẹ̀rù bà á. Ó mi orí: rárá. Wọ́n ní kí onígbàjámọ̀ yẹn má ṣe dé iwájú àwọn láé. Irọ́ yẹn gba oúnjẹ lẹ́nu Fawziyah. Kò lè gbé ìpè Abdulmujeeb. Kí ni yóò sọ fún un?

Lọ́jọ́ Àìkú, Abdulmujeeb gbé báàgì kan dé láìpè, òun àti Bàbá Ìyàndá, àbúrò bàbá rẹ̀ láti Awo. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun ti pa wáífáì náà, òun sì ti fi ọ̀dà pa ohun tó wà lára ògiri rẹ́. Ó ní ó yẹ kí òun ti wá tipẹ́.

"Ṣé ìwọ nìkan lo dá a ṣe?" Alhaji bi í.

"Èmi nìkan ni, sà."

Fawziyah gbọ́ ọ lẹ́yìn kọ́tìnì. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á kọjá lórí rẹ̀, á sì gbé Abdulmujeeb lọ. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ tì í.

"Bàbá, mo purọ́ fún yín. Ó fẹ́ yí i padà, èmi ni mo ní kó má yí i. Ó wù mí kí wọ́n máa pe orúkọ mi."

Kò lè gbójú sókè. Ilẹ̀ ló ń wò.

Alhaji ṣí fìlà wọn, wọ́n fi lé orókún.

"Kí ló wà nínú báàgì yẹn?"

"Kílípà ni, sà."

"Parí ohun tí o bẹ̀rẹ̀."

Ọwọ́ Abdulmujeeb ń gbọ̀n. Alhaji tẹ orí ba fún un. "Orí mi kọ́ ni kó o máa gbọ̀n fún," ni wọ́n wí. "Orúkọ ọmọ mi ni."

Lọ́jọ́ yìgì, Alfa fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe Fawziyah ọmọ Ràṣídì kó wá sọ bóyá ó gbà, gbogbo Òkè Gada gbọ́. Níbi tí àwọn ọmọ Póólì kóra jọ sí lẹ́yìn, ọ̀kan ní, "Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi pè é lónìí o."

Ojú tún ti Fawziyah. Ó gbọ́wọ́ dé etí híjáàbù kó fi bojú, ó wá rí bàbá rẹ̀ tó ń wò ó láti iwájú. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó dá Alfa lóhùn.