Olè tí Ń Jí Nígbà Ìsìnkú

Ìlú kékeré ni Marlbeck, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tẹ́lẹ̀, ẹlòmíràn níbẹ̀ kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ọdún tí olè dé, gbogbo wọn ra àgádágodo. Bí ológbò bá ta ìdérí agolo ìdọ̀tí nù, àwọn arúgbó a pe ọlọ́pàá.

Wọ́n ṣe ìpàdé ààbò ìlú. Barry Stokoe wà níbẹ̀, ó ń mu tíì. "Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wa tẹ̀ ẹ́," ni ó wí, "yóò rí màbo!"

Òun gan-an ni olè náà.

Ìkéde ìsìnkú ni Barry máa ń kà nínú ìwé ìròyìn. Bí ìdílé bá lọ sin òkú wọn, tí wọ́n sì ń ṣàlejò ní ilé ọtí, Barry ti wà nínú yàrá wọn. Yóò máa rẹ́rìn-ín pé: "Òkú kì í ṣọ́lé."

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n sin ọ̀gbẹ́ni Pickard, ìwọra kò jẹ́ kí ó ka ìkéde dé òpin. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé ni àlejò yóò padà sí, kì í ṣe ilé ọtí. Nítorí náà aládùúgbò kan dúró, ó ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì.

Barry ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó bá aládùúgbò náà, Ìyá Enid Larkham, níwájú.

"Ta nìyẹn? Háà! Barry, ọmọ Jean!"

"Màmá, ẹ má pariwo."

"Èmi ni mo fẹ́ pariwo ni? Ìwọ tí ò ń gbọ̀n bí ewé!"

Lẹ́sẹ̀ kan náà, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà. Ó di àyà mú, ó ṣubú lulẹ̀.

Barry yí padà, ó di ilẹ̀kùn mú. Ohùn kan sọ nínú rẹ̀ pé: "Jẹ́ kó kú. Òun nìkan ló rí ọ." Barry mọ̀ pé ohùn ara òun ni. Ẹ̀rù tí kò bà á rí mú un, ju ẹ̀rù ọlọ́pàá lọ. Ó fa fóònù yọ, ó pe ọkọ̀ aláìsàn.

"Màmá, ẹ má kú o, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá Enid di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Èmi mọ ẹni tí mò ń lọ bá. Ìwọ ńkọ́, Barry?"

Barry wo ilẹ̀kùn, ó tún wo ìyá náà.

"Jésù dárí ji olè rí, lórí igi àgbélébùú ni. Ké pè é, ọmọ mi. Má jẹ́ kó pẹ́."

Barry kúnlẹ̀ sórí èérún búrẹ́dì. "Olúwa, olè ni mí. Ó kù díẹ̀ kí n di apànìyàn. Gbà mí."

Ọkọ̀ aláìsàn gbé ìyá náà lọ. Àwọn aláṣọ dúdú ti ibojì dé. Barry kò sá.

"Ta ni ọ́?" ni opó Pickard bi í.

"Èmi ni olè tí ẹ ń wá, mà."

"Nínú ilé mi? Lónìí tí mo sin ọkọ mi?"

Ó sunkún, kò sì sí ẹni tí ó tù ú nínú tó. Barry lọ sẹ́wọ̀n, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá Enid yè. Nígbà tí Barry padà, àwọn kan ṣì ń sọdá títì bí wọ́n bá rí i. Kò bínú. Ọlọ́run ti dárí jì í.

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, bóyá o kò fọ́lé rí. Kí ni ọkàn rẹ ti sọ fún ọ nígbà tí o rò pé ẹnikẹ́ni kò rí ọ? Ọlọ́run gbọ́ ọ. Bí ikú bá gbá ọ mú báyìí, ta ni ìwọ ń lọ bá? Má fi àkókò ṣòfò. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, kí o sì ké pe Jésù, lónìí.