Lẹ́tà Kan Ṣoṣo Ló Kù

Ọjọ́ Ajé ni, òjò òwúrọ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Ìwàlẹwà Bọ́lárìnwá jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Ó ti wé aṣọ funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ dókítà sínú ọ̀rá kí ẹrẹ̀ má baà ta sí i. Ó ti jẹ búrẹ́dì, ó ti gbàdúrà, ó ti pe ìyá rẹ̀ ní Iléṣà. Kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kadà dúró díẹ̀ ní oríta, ó yọ fóònù, ó sì wo ibi tó ti ń wò láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Lẹ́tà ẹ̀rí méjì ti wọlé. Ẹ̀kẹta kò tíì dé. Ó ti fóònù náà padà sínú báàgì.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ náà ni àwọn ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà máa ṣí fọ́ọ̀mù àwọn dókítà tó fẹ́ ṣe rẹ́sídẹ́ǹsì lọ́dọ̀ wọn, ìyẹn ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún mélòó kan tí dókítà máa ń gbà kó tó lè di onímọ̀ àkànṣe. Ìmọ̀ nípa kíndìnrín ni Ìwàlẹwà fẹ́. Àrùn kíndìnrín ló pa bàbá rẹ̀ lọ́dún tí òun fẹ́ jáde nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ọdún karùn-ún sì rèé tó ti jáde. Púpọ̀ nínú àwọn ilé ìwòsàn náà ni kì í gba ẹni tó bá ti jáde fún ohun tó lé ní ọdún márùn-ún. Bí ti ọdún yìí bá bọ́, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ni yóò tì.

Dókítà Ọdúntán ni lẹ́tà rẹ̀ kò dé. Dókítà àgbà ni ní Iléṣà, abẹ́ rẹ̀ sì ni Ìwàlẹwà ti ṣiṣẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́ tó jáde. Òun àti bàbá Ìwàlẹwà jọ kàwé nílé ẹ̀kọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, wọ́n sì jọ kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin títí irun fi funfun lórí àwọn méjèèjì. Nínú oṣù kẹfà, Ìwàlẹwà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ lẹ́tà ẹ̀rí fún òun.

"Màá kọ ọ́," ni bàbá náà wí.

Ìwàlẹwà fi kóòdù tí wọ́n fi ń gbé lẹ́tà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti padà lọ kí i. Ó gbé obì lọ láti oko ìyá rẹ̀, ó gbé iṣu lọ. Ó kí i, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó béèrè bí eékún tó ń dùn ún ṣe rí. Lẹ́tà nìkan ni kò dárúkọ. Lójú tirẹ̀, nígbà tí òun bá ti gbé obì kalẹ̀, àgbàlagbà náà ti mọ ohun tó gbé òun wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé náà, níbi tí àwọn dókítà ti ń jẹun nílé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, Kàósárà ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í. Òun náà ń wá rẹ́sídẹ́ǹsì.

"O ti fi fọ́ọ̀mù ẹ ránṣẹ́?"

"Rárá o. Lẹ́tà Dókítà Ọdúntán ò tíì dé."

"Lẹ́tà ló o sọ yẹn. Fọ́ọ̀mù ni mo bi ẹ́."

"Mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ pé kí n tó fi ránṣẹ́."

Kàósárà gbé ṣíbí kalẹ̀. "Subuhánálláhì! Ìwà, ta ló sọ fún ẹ pé ó gbọ́dọ̀ pé? Fi ránṣẹ́ lónìí. Lẹ́tà lè tẹ̀lé e. Nígbà tó bá wọlé, wàá yan àwọn ilé ìwòsàn tó o fẹ́ kó lọ, á sì lọ bá fọ́ọ̀mù ẹ níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù gan-an lo ò ní lè tún ṣe tó bá ti lọ. Òun ni kó o kà dáadáa kó o tó tẹ̀ ẹ́."

"Wọ́n á rí i pé nǹkan kan ò sí níbẹ̀. Wọ́n á ní mi ò ṣètò."

"Tí wọn ò bá wá rí nǹkan kan rárá ńkọ́? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́ọ̀mù ló máa wà níwájú wọn lọ́jọ́rú. Nígbà tí ìwọ bá fi máa dé, wọ́n á ti pe àwọn tí wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. O ti bá bàbá yẹn sọ̀rọ̀?"

"Mo gbé obì lọ."

"Mo ní ṣé o bá wọn sọ̀rọ̀, o ní o gbé obì lọ! Ṣé obì ló máa ka déètì fún wọn?" Kàósárà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ọmọ Ìjẹ̀ṣà! Àwọn bàbá ńlá yín á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó bá ra aṣọ àwìn, wọ́n á ní àwọn ò ní dìde títí wọ́n á fi sanwó. Torí ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń pè yín ní òṣómàáló. Ìwọ ò wá lè béèrè lẹ́tà kan ṣoṣo!"

Ìwàlẹwà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá ètè.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, ó pe ìyá rẹ̀, ó sọ ohun tí Kàósárà wí.

"Ìwàlẹwà, má lọ yọ bàbá yẹn lẹ́nu o," ni ìyá rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀, bó ṣe máa ń rọ̀ láti ìgbà tó ti di opó. "Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ ni. Ẹni tó bá wa gbé pósí, ṣé ẹni tá à ń rán létí nìyẹn? Á ṣe é. Dúró dè é."

Ó sì dúró.

Ọjọ́rú dé, Ọjọ́rú kọjá. Ìwàlẹwà ń wo fóònù lórí ọ̀kadà, ó ń wò ó nínú yàrá aláìsàn, ó ń wò ó nígbà tí wọ́n ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tíì dé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn kò yí padà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, ó kọ oògùn aláìsàn kan sínú ìwé ẹlòmíì. Nọ́ọ̀sì ló rí i.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún èyí wò. Bàbá tẹ̀gbẹ́ ògiri lẹ kọ oògùn yìí fún, àbí ti ẹnu ọ̀nà?"

Ìwàlẹwà tún ìwé náà wò. Bí oògùn yẹn bá lọ, ó lè pa bàbá náà. Ó fa ìlà sí i, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì bọ́ síta lọ mí. Ẹ̀rù tó ń bà á tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù ọdún tó ń lọ ni. Èyí ni ẹ̀rù ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Kàósárà ké gbàjarè nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilé ìwòsàn kan ti pè é pé kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìwàlẹwà dì mọ́ ọn, ó bá a yọ̀ tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì tún yọ fóònù rẹ̀ wò.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Elisha, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó ń tẹ ìwé tó sì ń ṣe fọ́ọ̀mù fáwọn èèyàn nítòsí Ọjà Ọba. Elisha gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó fa àga mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Dókítà wa, ìyẹn náà ló ń pa yín lẹ́kún? Kóòdù ń bẹ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ti ní kóòdù ló lè gbé lẹ́tà sókè. Ẹ jẹ́ ká ṣí ímeèlì kan lórúkọ bàbá yẹn. Ká kọ ọ́, ká fọwọ́ sí i, ó parí. Ta ló máa mọ̀?"

"Elisha, má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ṣé wọn ò sọ pé àwọn á kọ ọ́ ni? À ń bá wọn ṣe é ni. Ẹ máa sọ, kí n máa tẹ̀."

Ọkùnrin alábàárù kan ń pariwo níta pé kí wọ́n yà fún òun. Ìwàlẹwà ń wo ojú kọ̀ǹpútà tí orúkọ Ọdúntán ti wà lórí rẹ̀. Ó la ẹnu. "Mo mọ Dókítà Bọ́lárìnwá," ló wí, "gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin tó ń sọ òtítọ́..."

Ó gbọ́ ara rẹ̀. Ohùn òun fúnra rẹ̀ ló ń yin òun, ohùn àgbàlagbà tí kò sí níbẹ̀ ló sì ń jí lò. Bí wọ́n bá mọ̀, kì í ṣe ti ọdún yìí nìkan ni yóò bàjẹ́. Wọ́n lè fòfin de orúkọ rẹ̀ títí láé, kí wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn tó fún un níwèé àṣẹ iṣẹ́. Bí wọn kò bá sì mọ̀, òun á mọ̀.

"Pa á rẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́..."

"Pa á rẹ́ níṣojú mi, Elisha. Àti ímeèlì yẹn."

Ó dúró títí gbogbo rẹ̀ fi parẹ́. Láti ibẹ̀, ó wọ ọkọ̀ Iléṣà.

Dókítà Ọdúntán jókòó síwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí nítorí eékún rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn láti rí i.

"Ìwàlẹwà! Àbí obì tún dé?"

"Rárá sà. Ọwọ́ òfìfo ni mo gbé wá lónìí." Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. "Ẹ má bínú sí mi, sà. Lẹ́tà yẹn ni mo wá bá yín sọ. Ọjọ́ tó yẹ kí n ti fi fọ́ọ̀mù mi ránṣẹ́ ti kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò ní dìde níbí títí ẹ ó fi dá mi lóhùn."

Bàbá náà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, ó wọlé. Nígbà tó jáde, àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lẹ̀ ẹ́ pa, ó ti fi òǹtẹ̀ lu ẹnu rẹ̀. Orúkọ Ìwàlẹwà wà lójú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó kọ ọ́: ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

"Ọjọ́ kejì ọjọ́ tó o wá bẹ̀ mí ni mo kọ ọ́," ló wí. "Inú dúróà mi ló wà. Mo ń retí kó o wá gbà á. O wá lẹ́ẹ̀kíní, o ò béèrè. O wá lẹ́ẹ̀kejì, o ò béèrè. Mo ní bóyá o ti pinnu pé o ò lọ mọ́, ojú ló ń tì ọ́ láti sọ. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń lé ọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ."

Ìwàlẹwà wo òǹtẹ̀ náà. "Ímeèlì ńkọ́, sà? Kóòdù wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Ímeèlì èwo? Èyí tí wọ́n fún wa níbi iṣẹ́? Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ṣí i." Ó tún jókòó, bí ẹni tí wọ́n gbé nǹkan wúwo lé lórí. "Nígbà tiwa, inú àpò ìwé la máa ń fi í sí, a ó sì fún ọmọ lọ́wọ́. Ìwàlẹwà, kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ìwàlẹwà ní, "Ẹ̀rù ń bà mí kẹ́ ẹ má rò pé mò ń fi ìwàǹwára bá yín lò."

Ọ̀sán yẹn náà ni wọ́n ṣe é, lórí kọ̀ǹpútà ilé bàbá náà, pẹ̀lú kóòdù tó wà lórí fóònù Ìwàlẹwà. Ó ya àpò ìwé náà, ó fún Ìwàlẹwà ní òfìfo rẹ̀, ó ní, "Jáde díẹ̀. Kò yẹ kó o kà á." Ìwàlẹwà dúró lábẹ́ igi ọsàn, ó ka fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lórí fóònù, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ó ti lọ. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn Ọjọ́rú yẹn ni, lẹ́tà náà sì tún gba ọjọ́ mélòó kan sí i kó tó hàn.

Ọgọ́rin ilé ìwòsàn ló kọ̀wé sí. Kò sí ọ̀kan tó pè é. Èyí tó dùn ún jù ni èyí tó kọ̀wé sí i lóhùn pẹ̀lẹ́: fọ́ọ̀mù rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn, àwọn ti pe iye èèyàn tí àwọn lè pè. Nínú oṣù kẹta, Kàósárà rí àyè. Ìyá Ìwàlẹwà sì sunkún lórí fóònù, ó ní, "Èmi ni mo ní kó o dúró."

Lọ́dún yìí, ó tún ń kọ fọ́ọ̀mù, ẹ̀rù sì ṣì ń bà á. Mọ́kàndínlógún péré ló kù nínú ọgọ́rin náà tó lè gba ẹni tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó ti jáde. Ó sì tún ń kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ńláńlá nílẹ̀ wa níbí, kó má gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ síbì kan. Èèyàn mẹ́rin ló bẹ̀ fún lẹ́tà dípò mẹ́ta, bí ọ̀kan bá pẹ́, kí mẹ́ta ṣì wà. Ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tó sọ bí wọ́n á ṣe gbé e sókè, pẹ̀lú ọjọ́ tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tó fẹ́ ẹ gan-an. Dókítà Ọdúntán fúnra rẹ̀ ló pè é nínú oṣù karùn-ún.

"Ọjọ́ wo lo fẹ́ ẹ? Dárúkọ ọjọ́ fún mi."

Ó sì dárúkọ ọjọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, yálà dókítà ni yín tàbí ohun mìíràn ni ẹ̀ ń wá, ẹ ka òfin ibi tí ẹ ń kọ̀wé sí fúnra yín. Bí wọ́n bá gbà kí fọ́ọ̀mù ṣáájú lẹ́tà, ẹ jẹ́ kó ṣáájú. Ẹ tètè bẹ àgbà, kí ẹ sì fi ẹnu yín dárúkọ ọjọ́; ìránnilétí tí a fi ọ̀wọ̀ ṣe kì í ṣe àfojúdi. Ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ sí ẹnu ẹni tí kò sọ ọ́, bó ti wù kí àkókò lọ tó. Ẹ̀yin àgbà, bí ọmọ bá bẹ̀ yín fún lẹ́tà, ẹ bi í pé ọjọ́ wo ló ń fẹ́ ẹ, àti ọ̀nà wo. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe ní kí ọmọ dúró bí ẹ kò bá mọ ohun tí ìdúró yóò ná an.

Àpò ìwé òfìfo náà wà lórí tábìlì Ìwàlẹwà ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Kò mọ ohun tí bàbá náà kọ nípa òun títí dòní. Ohun tó lè kà kò ju èyí tó wà lójú rẹ̀ lọ: ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.