Alákàbà àti Ọmọ Dókítà

Orí àkàbà ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà nígbà tí ọmọ dókítà kọ́kọ́ fojú kàn án. Ó fi eyín di ìṣó méjì mú, ó na ọwọ́ gígùn sókè, ó ń kan ẹ̀rọ Wáìfáì funfun kan mọ́ àjà yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró. Ọmọbìnrin náà, tó ń tọ́jú ìwé nílé ìwòsàn bàbá rẹ̀, gbàgbé ohun tó fẹ́ mú.

"Ẹ rọra o, Alákàbà. Ẹ má lọ gbé ìṣó mì. Dókítà ti jáde."

Ọkùnrin náà tu ìṣó sọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀yin ò lè tọ́jú mi ni?"

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. Páásíwọọ̀dù kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń lò tẹ́lẹ̀. Ará àdúgbò gan-an mọ̀ ọ́n. Ní báyìí, kálukú yóò ní tirẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì máa sọ ọ̀rọ̀ wọn di àdììtú kó tó gba afẹ́fẹ́ kọjá.

"Ẹni tó bá já a gbà lọ́nà ńkọ́?"

"Kò ní rí nǹkan kan kà. Ó yá, ẹ tẹ tiyín. Mo ti kọ̀yìn, mi ò wò ó."

Ó kọ̀yìn lóòótọ́, ó dojú kọ ògiri bí ọmọ tí tíṣà ń fìyà jẹ. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ ọmọbìnrin náà lọ́kàn.

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ń rí ara wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ àìsàn màmá àgbàlagbà kan tú síta ládùúgbò. Dókítà fárígá.

"Ta ló mọ inú ẹ̀rọ wa bí kò ṣe ọmọkùnrin yẹn? Mi ò fẹ́ rí i níbí mọ́. Ìwọ náà, ṣèlérí fún mi pé o ò ní pè é."

Ó ṣèlérí, ó ń sunkún. Nígbà tí Alákàbà gbọ́ ìlérí náà, ó gba iṣẹ́ sí ìlú mìíràn.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Bí ẹnikẹ́ni tó ga bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, àyà ọmọbìnrin náà a já. Ó máa ń kọ lẹ́tà sí Alákàbà sórí fóònù, á sì pa á rẹ́. Oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó yá, obìnrin oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan wá fi ẹ̀rọ Wáìfáì kejì kún ti àkọ́kọ́. Ó yẹ ètò rẹ̀ wò, ó ní:

"Dókítà, ẹ̀yin nìkan lẹ ní páásíwọọ̀dù ọ̀gá tó ń ṣí gbogbo ètò. Ẹni tó ṣe é ti yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ tó parí iṣẹ́. Kò wọ inú ẹ̀rọ náà rí láti ìgbà náà. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ rèé."

Dókítà ka àkọsílẹ̀ náà tán. Ó pe ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀.

"Èmi ni, ọmọ mi. Mo fi fáìlì màmá yẹn sílẹ̀ ní ṣíṣí lórí tábìlì lọ́jọ́ náà. Ó ń ṣe mí bíi pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti jáde, ṣùgbọ́n ó rọ̀ mí lọ́rùn láti dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Má bínú sí mi."

Òun fúnra rẹ̀ ló pe Alákàbà, tó sì tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin náà dé, ó ti rù díẹ̀. Òun àti ọmọbìnrin náà dúró nínú ọgbà. Ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tí o ò pè mí?"

"O ti ṣèlérí fún bàbá rẹ. Mi ò fẹ́ kí o tìtorí mi dalẹ̀, ìfẹ́ mi."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń retí rẹ."

"Èmi náà." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bèèrè ni?" Ẹ̀rín àti ẹkún jọ gba ojú rẹ̀ kan. "Mo gbà, mo gbà."

Wọn ò tú ọwọ́ ara wọn sílẹ̀ tí wọ́n fi wọlé lọ sọ fún bàbá.