Fóòmù Inú Ògiri

"Kíákíá, ṣé o ti dí gbogbo ihò ara ògiri yẹn?"

"Mo ti dí i, Àǹtí."

Kò purọ́, ó dí i lóòótọ́. Ohun tó fi dí i ni wàhálà. Wọ́n ti sọ fún ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Kíákíá yìí títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó pé òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe nìkan ni wọ́n ń kì sínú ihò tí wáyà gbà kọjá lára ògiri ọkọ̀ ojú omi, torí pé iná kì í jó o. Ṣùgbọ́n òwú ọ̀hún ń yúnni lára, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló sì wà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń pè é lórí fóònù pé òun nìkan làwọn ń dúró dè. Ló bá gé fóòmù mátíràsì, ó kì í bọ ihò, ó kun ọ̀dà funfun lé e. Bí ẹ bá rí i, ẹ máa yìn ín ni!

Ó tún wá jẹ́ pé bàbá rẹ̀ ni kúùkù ọkọ̀ náà. Ilé ìdáná wà lápá kan ògiri, bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀ wà lápá kejì. Kí lèèyàn fẹ́ wí?

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fẹ́ dán ògiri wò. Láàárín àwọn tó ń ṣe irú ògiri yìí, ọ̀gá tó bá ṣe ògiri gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi iná kàn án. Àǹtí, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, gbé àga wọ yàrá, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ tan iná yín!" ló kígbe. "Ọmọ yín ló dí i, ọkàn mi balẹ̀."

Bàbá tan iná gáàsì, ó kọ ọ́ sí ògiri. Ibi tó yẹ kí ọmọ ti lanu sọ̀rọ̀ nìyẹn! Àdúrà ló ń gbà pé kí iná má kan ibẹ̀. Ṣé àdúrà ló ń dí ihò ni?

Ọ̀dà wú, ó dúdú. Fóòmù yọ́, èéfín sì gba ihò wọ yàrá. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Dádì, ẹ pa á! Fóòmù ni mo fi dí i!"

Àǹtí jáde, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ṣebí o ní o ti dí i?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo rò pé..."

"O rò pé kí ni? Pé iná máa rí ọ̀dà funfun, á ní ẹ kú iṣẹ́, á sì yà lọ?"

Bàbá ò tiẹ̀ pariwo. Ó ń wo ihò náà, tó ṣe ọ̀gánkán ibi tí ìrọ̀rí rẹ̀ máa wà. "Orí mi rèé," ló wí.

Wọ́n tú gbogbo ògiri palẹ̀, torí ta ló tún fẹ́ gbà á gbọ́? Ọkọ̀ ò lè lọ lọ́jọ́ tó yẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ pè, ó pa fóònù. Ó ń ki òwú òkúta bọ ihò, ó ń họra, ó ń sunkún.

Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ dán an wò, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àga wọlé. Ó ń gbọ́ híhó iná lápá kejì, ó ń fi imú wá èéfín. Kò gbóòórùn nǹkan kan.

"Ó tó bẹ́ẹ̀, àbí?" Àǹtí bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Rárá, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ sí i."

Ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ tí ọ̀dà máa bò mọ́lẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣe dáadáa, torí pé ẹnì kan ń bọ̀ wá sùn sẹ́yìn rẹ̀.