Àpá Ara Sítóòfù Àlímátù

Inú èéfín ni Lubabah ti kọ́kọ́ fojú kan Mọ́ṣúdù. Ó ga, ó rẹwà, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń fi yanrìn ha sítóòfù tí bàbá Lubabah rà fún ìyá rẹ̀ kí bàbá náà tó jáde láyé. Lórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀, Àlímátù, ìyá Lubabah, ń wúkọ́ láìdúró.

Lubabah gbé ìyá rẹ̀ jáde sí àgbàlá, ó ṣí fèrèsé gbayawu, ó padà wọlé bí iná.

“Kí lo dà sínú omi yìí?”

“Bílíìṣì ni. Mo fi ásíìdì ilé ìyàgbẹ́ kún un kó lè lágbára.”

“O po méjèèjì pọ̀! Májèlé ni èéfín wọn! Ṣé o fẹ́ pa ìyá mi ni? Yanrìn ńkọ́?”

“Bí ìyá àgbà mi ṣe ń fọ ìkòkò Iléyá ní Kọ́bapẹ́ nìyẹn.”

“Ṣé ìkòkò nìyí? Irin tí kì í dógùn-ún ni! Wo bí o ṣe ha á, níbi tí bàbá mi máa ń gbọ́wọ́ lé gan-an! Jáde!”

Ọmọ ọ̀rẹ́ tí Àlímátù bá ń ta aṣọ ní ọjà Ṣàpọ́n ni Mọ́ṣúdù. Ó wá bá ìyá náà tún ilé ìdáná ṣe de Iléyá ni.

Ara ìyá yá, ṣùgbọ́n inú Lubabah kò rọ̀. Nígbà tí Mọ́ṣúdù padà wá pẹ̀lú tówẹ́lì rírọ̀, Àlímátù ló ṣílẹ̀kùn fún un. Lubabah káwọ́ gbera lẹ́nu ọ̀nà.

“Pa gáàsì ná! Jẹ́ kó tutù! Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ abọ́ díẹ̀. Tẹ̀lé ìlà ara irin náà, má yí ọwọ́ bí ẹni ń yan gàrí. Kó o sì nù ún gbẹ!”

“Ṣé kí n mí ná, ọ̀gá?”

“Mí níta!”

Bó ṣe ń wá nu sítóòfù náà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn, tí Lubabah ń jágbe mọ́ ọn. Àlímátù kàn ń wò wọ́n.

“Lubabah, ta ni èèyàn ń torí rẹ̀ lé tìróò kó tó bú u?”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́!”

Ṣùgbọ́n àpá ara sítóòfù náà kò lọ. Lọ́jọ́ kan, Lubabah ní bàbá òun ì bá má fún irú Mọ́ṣúdù lómi mu. Mọ́ṣúdù ju tówẹ́lì sílẹ̀.

“Ó tó! Mo jẹ̀bi. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run, lọ́dọ̀ màámi, lọ́dọ̀ rẹ. N kò lè jí bàbá rẹ dìde! Mo fẹ́ràn rẹ, Lubabah, inú sì ń bí mi!”

Ó jáde. Lubabah gbọ́wọ́ lé ibi àpá náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀, ìbínú nìkan ló ti ń gbé kiri. Ọlọ́run tí ń wo ọkàn mọ̀ pé ìbànújẹ́ ni. Ó sunkún gan-an. Lẹ́yìn náà ló sáré bọ́ sí títì Òwu pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

“Mọ́ṣúdù! Ta ló ní kó o lọ? O kò tíì nù ún gbẹ!”

Lọ́jọ́ yìgì wọn, nígbà tí àlùfáà bi Lubabah ní ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọkọ ní sàdáàkì, ó ní Kùránì kan àti tówẹ́lì rírọ̀ kan. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mọ́ṣúdù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì sí bílíìṣì níbẹ̀.