Ìdì Tó Wà Lẹ́yìn Imọ̀

Mi ò ní bura. Igi náà ṣì wà lórí ìdúró, Lazhar náà sì wà láàyè. Ẹni tó bá fẹ́ lè lọ bi í. Ohun tí mo rí ni mo ń kọ, mi ò sì ní bù mọ́ ọn.

Ọgbà wa wà ní ìpẹ̀kun oko dàbínù ìlú Nefta létí aṣálẹ̀, níbi tí iyanrìn ti ń rọ́ wọlé. Ẹgbẹ́ aláàánú kan ló dá a sílẹ̀ láti máa kọ́ àwa tá a ti jáde ilé ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú igi, kí irú dàbínù àtijọ́ má bàa parẹ́. Àǹtí Mbarka ni olùkọ́ wa.

Azíza nìkan ló kù nínú irú tirẹ̀. Ọ̀pẹ dàbínù Bàbá Tijani, àgbẹ̀ àdúgbò wa, ni, ẹ̀gbẹ́ ọgbà wa ló sì dúró sí. Ó ti pẹ́ tó so gbẹ̀yìn. Ọ̀pẹ tí kò bá so mọ́, níṣe là ń gé e lórí, tí à ń gba ẹmu rẹ̀ títí táá fi kú.

"Ẹ̀yin oníwèé," Bàbá Tijani sọ fún wa, "ẹ kúkú máa kàwé sí i létí. Tí kò bá so lọ́dún yìí, ẹmu rẹ̀ ni màá mu."

"Ẹ ò ní mu ún, Bàbá," Àǹtí Mbarka dá a lóhùn. "Dàbínù lẹ máa jẹ."

Ọjọ́ tí òdòdó Azíza là, ọjọ́ náà ni ìjì aṣálẹ̀ dé. Ìjì gbígbóná. Tó bá fi máa di ọ̀la, òdòdó náà á ti gbẹ. A gbọ́dọ̀ fi òdòdó ọ̀pẹ akọ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an kó lè so, ká sì fi imọ̀ dì í.

"Ta ló máa gùn ún?" Àǹtí Mbarka béèrè.

Ọwọ́ mi dìde kí n tó mọ̀.

Lazhar, tá a jọ ń kọ́ṣẹ́, bú sẹ́rìn-ín. "Sadok? Sadok tó máa ń kí èèyàn bí ẹni tó ń bá èèrà sọ̀rọ̀?"

Òótọ́ ló sọ. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá wà lórí ọ̀pẹ gbọ́dọ̀ máa pariwo: "Olúwa!" Ẹni tó wà nísàlẹ̀ á dáhùn: "Ó ń gbọ́!" Nípa bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà lókè fi ń mọ̀ pé òun ò dá wà. Ohùn mi kì í jáde.

Àǹtí Mbarka lọ bo àwọn igi kéékèèké. Lazhar dúró sídìí Azíza. Mo fi ẹsẹ̀ lásán gùn ún, òdòdó akọ wà láyà aṣọ mi. Nígbà tí mo dé òkè, mi ò rí ilẹ̀ mọ́. Gbogbo ayé ti pupa.

"Olúwa!" Ẹnu mi kún fún iyanrìn.

"Ó ń gbọ́!"

Ara mi balẹ̀. Mo dì í, mo pè, wọ́n dáhùn. Mo tún dì í, mo tún pè. Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé ìjì ti dákẹ́ láàárín imọ̀. Imọ̀ kankan ò mì. Ìdáhùn náà ò sì wá láti ìsàlẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ etí mi ló ti wá. Mo gbọ́ èémí rẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan," ni ohùn náà wí.

Mi ò yíjú. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn imọ̀ tó nípọn jù. Òdòdó kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti dì í. Imọ̀ tí wọ́n fi dì í ṣì tutù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í ni.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, Lazhar ti fi láwàní dí ẹnu pa. Ó tú u.

"Ta ló wà lókè pẹ̀lú rẹ?"

"Ìwọ kọ́ lò ń dáhùn?"

"Pẹ̀lú iyanrìn yìí? Mi ò lanu rárá." Kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Àǹtí Mbarka dé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì wo òkè títí. "Ẹ má tú èyí tí wọ́n bá wa dì," ló sọ.

Azíza so. Ó so débi pé a ní láti fi igi ti àwọn ìdì èso rẹ̀. Lọ́jọ́ ìkórè, Bàbá Tijani jẹ ọ̀kan, ó jẹ ìkejì, ó wá bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ta ló dì í?"

"Èmi ni!" Gbogbo oko ló gbọ́. Lazhar alára fò sókè. "Èmi, láti ọgbà yìí!"

"Ọmọ, ohùn rẹ ga o." Ó kọjú sí Àǹtí Mbarka. "Ẹ máa mú igi náà. Ti ọgbà yín ni."

Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ibi tí màá gbé ojú sí. A gé gbogbo ìdì, àfi èyí tó wà lẹ́yìn imọ̀. Mi ò lè fi ọ̀bẹ kàn án. Òun ló tóbi jù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n fi ọ̀bẹ mímú gé e. A ti gbálẹ̀ ìdí Azíza nírọ̀lẹ́, iyanrìn ibẹ̀ ṣì tẹ́jú, kò sí ipa ẹsẹ̀ kan.

"Olè!" Lazhar pariwo.

"Pa ẹnu dé," Àǹtí Mbarka sọ. "Ṣé ẹni tó bá bá wa ṣiṣẹ́ lóko kì í gba ìpín tirẹ̀ ni?"

"Àǹtí, ta ni?"

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ lé mi léjìká. Ìkórè àwọn igi yòókù ṣì pọ̀ nílẹ̀.