Tírélà Tó Dúró fún Adìẹ

Ẹ̀yìn ọrùn ni Mardiyah kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin náà, kó tó rí ojú. Ọrùn tó ki, tó dúdú mìnìjọ̀, tí òógùn ń dán lórí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi òrí pa á. Omi ni Mardiyah lọ mu, ìgbà tó máa fi padà dé, ọkùnrin yìí ti fìdí kalẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ti gbé ọwọ́ gbàǹgbà lé bọ́tìnnì, ó ń rẹ́rìn-ín sí adìẹ inú géèmù bí ẹni tó pàdé ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́jà.

Ìsọlọ̀ nibẹ̀, nínú gbọ̀ngàn kan láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, níbi tí tírélà ti ń tò gbọọrọ láti àárọ̀. Sátidé tó bá parí oṣù ni àwọn ọmọ Èkó tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe géèmù máa ń pé jọ. Kì í ṣe èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ òyìnbó o. Èyí tí wọ́n jókòó tì nínú yàrá, tí wọ́n yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n forin sí i, ni wọ́n ń gbé wá kí ojú ẹlòmíràn bá wọn wò ó.

Táíyé ni olórí wọn, òfin kan ló sì fi lélẹ̀. Ẹni tó ṣe géèmù yóò dúró sẹ́yìn ẹni tó ń gbá a, kò sì gbọdọ̀ lanu. Bó ṣubú, máa wò ó. Bó ṣìnà, máa wò ó. Ẹni tí ohùn bá jáde lẹ́nu rẹ̀ yóò palẹ̀ géèmù rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ibi tí àlejò bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ lonílé fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ òun ò tẹ́jú.

Mardiyah bá dúró sẹ́yìn ọrùn náà, ó dákẹ́.

Géèmù tirẹ̀, adìẹ kan ni, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ sọdá títì tí tírélà kún bámúbámú. Bí tírélà bá gbá wọn, ìyẹ́ á fò yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́, wọ́n á padà sétí títì, orin á tún bẹ̀rẹ̀. Ohùn Àjọkẹ́, ìyá Mardiyah, ló wà nínú orin ọ̀hún. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Àjọkẹ́, abọ́ ló ń tà l'Óṣòdì. Ibi tó ti ń fọṣọ ni ọmọ rẹ̀ ti fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀:

Ẹ tọ̀ mí lẹ́yìn, ọmọ mi o,
Títì fẹ̀, tírélà pọ̀.
Ẹ má bojú wẹ̀yìn, ọmọ mi o,
Ìyẹ́ apá mi tó yín bò.

Ọkùnrin náà ṣubú láàárín títì. Orin bẹ̀rẹ̀. Ó tún ṣubú níbẹ̀ gan-an. Orin tún bẹ̀rẹ̀. Ṣe ló ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń fún ní oyin lá. Nígbà tó dìde tó yíjú padà, èéjí wà ní ẹnu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tutù bí omi àmù.

Ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ̀yin lẹ ladìẹ yìí?”

“Èmi ni, sà.”

“Èmi ni mo ni tírélà.”

Mardiyah ò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ṣàlàyé pé Sherifdeen lorúkọ òun, pé tírélà òun ló wà níta yẹn, tó ń dúró kí ilé-iṣẹ́ ṣí géètì fún òun. Orin lòun gbọ́ tí ẹsẹ̀ fi gbé òun wọlé. Mardiyah gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì kíá. Kí lawakọ̀ tírélà wá ṣe láàárín àwọn onígéèmù?

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹni ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọkùnrin kan ti wà rí tó ń jẹ́ Ajíbọ́lá, òun náà ní ẹ̀rín. Ìgbà tí Mardiyah ń fẹ́ ẹ, kò sí ohun tí kò ṣí hàn án nínú géèmù tó kọ́kọ́ ṣe. Ọjọ́ kan báyìí, géèmù náà yọ sórí fóònù àwọn èèyàn, orúkọ Ajíbọ́lá ló sì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ lọ, iṣẹ́ lọ. Adìẹ yìí nìkan ló kù fún Mardiyah, ó sì ti búra pé bí wọ́n bá tún jí èyí, òun ò ní gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà mọ́ láyé. Páńsá ò fura, páńsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn.

Sherifdeen padà wá lóṣù kejì, ó tún wá lóṣù kẹta. Yóò ra gúgúrú àti ẹ̀pà lọ́wọ́ wá, yóò ní ti ìyá adìẹ ni, pé ẹni tó bí ọmọ tó báyìí, ebi á máa pa á. Orúkọ tó sọ Mardiyah nìyẹn, Ìyá Adìẹ. Mardiyah yóò gba ẹ̀pà, yóò sì máa wo ọwọ́ tó fún un.

Ìfura náà wá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Olúfọlákẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣe géèmù ọkọ̀ kan tó le koko. Gbogbo wọn ló gbá a tí. Sherifdeen jókòó sí i, ó wa ọkọ̀ náà já bí ẹni ń fi ọ̀bẹ gé bọ́tà. Ó dìde níbẹ̀, ó lọ jókòó sídìí adìẹ, ó sì tún ṣubú láàárín títì. Ọwọ́ tó ń yí tírélà wọ géètì tóóró, ṣé adìẹ ni kò lè mú sọdá? Mardiyah ní lọ́kàn rẹ̀, háà, ọkùnrin yìí ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú. Ó ń wá ibi tí ògiri mi ti lanu.

Síbẹ̀, bí Sátidé ìparí oṣù bá ti ń bọ̀, híjáàbù tó máa ń wọ̀ á yàtọ̀, ó sì máa ń bú ara rẹ̀ níwájú dígí.

Àjọkẹ́ rí híjáàbù, ó béèrè, wọ́n sọ fún un. Ó ní, “Awakọ̀ tírélà? Mardiyah, gbogbo gáréèjì tí wọ́n bá ti sùn ni wọ́n níyàwó sí. Jókòó jẹ́ẹ́ rẹ.”

Ìpàdé ńlá ọdún dé, ní Àjàó Estate. Ọjọ́ tí gbogbo wọn máa ń yan géèmù kan ṣoṣo nìyẹn, tí wọ́n á jọ dáwó fún un kó lè di ńlá, kó jáde lórúkọ ẹni tó ni ín. Ẹnu gbogbo èèyàn ló ti wà lára adìẹ. Sherifdeen jókòó, Mardiyah dúró sẹ́yìn rẹ̀. Adìẹ ṣubú, orin bẹ̀rẹ̀, ojú Mardiyah bá bọ́ sí ọwọ́ òsì ọkùnrin náà. Fóònù wà níbẹ̀, iná pupa kékeré ń ṣẹ́ lójú rẹ̀. Ó ń gba ohùn.

Ó kúrò lẹ́yìn, ó wá síwájú, ó ní, “Kí lẹ ń fi fóònù gbà nínú géèmù mi?”

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú. Táíyé sún mọ́ wọn, ó rọ ọkùnrin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kó jẹ́ káwọn jọ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Sherifdeen wo Táíyé, ó wo Mardiyah pẹ́, ó sì ti fóònù bọ àpò.

“Mo gba ohùn lóòótọ́. N kì í ṣe olè. Ìyókù, n ò lè sọ ọ́ níbí.”

Ó jáde. Àwọn kan pòṣé. Mardiyah ní Allah ló yọ òun, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gbà pé wọ́n yọ òun.

Olúfọlákẹ́ bá jókòó sídìí adìẹ kí ibẹ̀ má baà tutù. Kò gbá a rí. Adìẹ ṣubú, ó tún ṣubú, Olúfọlákẹ́ bá yíjú díẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìgbín gbọ́.

“Mardiyah, pa ẹnu dé. N ò ní sọ fún Táíyé, ṣùgbọ́n ò ń kọrin.”

“Ta ló ń kọrin?”

“Ìwọ. Bí orin ti bẹ̀rẹ̀ lo gbè é. Jẹnẹrétọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá jókòó síbí ló ń gbọ́ ọ.”

Mardiyah fọwọ́ kan ètè rẹ̀. Ètè náà ṣì ń mì. Orin tó gbọ́ láti orí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti ń gbè é kí ọkàn tó mọ̀. Ó rí gbogbo rẹ̀ wàyí. Bí Sherifdeen bá tan fóònù náà sí gbangba, ohùn Mardiyah ló máa jáde, òfin á sì lé adìẹ kúrò nílé ìpàdé lójú gbogbo èèyàn. Ọkùnrin náà kúkú jẹ́ kí wọ́n wo òun bí olè.

Ó lọ bá Táíyé, ó ní òun ti ń kọrin lẹ́yìn àwọn tó ń gbá géèmù òun, láìmọ̀, láti ọjọ́ pípẹ́. Táíyé ní ṣé kò lè dákẹ́ títí wọ́n á fi yan géèmù tán. Mardiyah ní òfin ni òfin. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa kọ̀ǹpútà dé, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìsọlọ̀, ibi tí tírélà ti ń tò.

Ó bá a níbẹ̀, nínú tírélà aláwọ̀ búlúù tí wọ́n kọ Ẹ̀SỌ̀ sí níwájú. Ó kan ilẹ̀kùn. Sherifdeen fà á gòkè.

“Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ,” Mardiyah ní.

Ó tan fóònù. Orin Àjọkẹ́ jáde, lórí rẹ̀ ni ohùn kékeré kan wà, ohùn ẹni tó rò pé òun nìkan lòun wà láyé.

Sherifdeen ní, “Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọdá. Bí mo bá sọdá, orin tán nìyẹn. Mo kúkú ń kú.”

“Ẹ ò ṣe sọ fún mi?”

“Bí mo bá sọ fún ọ, wàá dákẹ́. Bí mo bá sọ fún wọn, wọ́n á lé ọ. Ewo ni kí n mú?”

“Mo pè yín lólè lójú èèyàn.”

“O ò pè mí. Ìbéèrè lo bi mí.”

“Ojú mi pè yín.”

“Ojú yẹn,” ni Sherifdeen wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín, “kó wá máa fura sí mi nílé mi. Ìyá Adìẹ, ṣé o máa fẹ́ mi?”

Mardiyah ní ẹnu òun ti tú òun fó lẹ́ẹ̀kan, òun ò ní fi dáhùn. Kí ó wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí ó wá jókòó.

Àjọkẹ́ ò gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni. Ó di abọ́ rù, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ògèrè, níbi tí àwọn onítírélà ti ń sinmi. Ó ń ta abọ́, ó ń fọgbọ́n wádìí ìyàwó tí Sherifdeen onítírélà búlúù ní níbẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó wo, Màmá? Orin adìẹ kan ló fẹ́, kò jẹ́ káwọn sinmi. Bàbá onírùngbọ̀n kan bá kọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Orin Àjọkẹ́, lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tó padà délé, aṣọ ò gbà á mọ́. Ó ní, “Jẹ́ kó wá kí mi. Ìwọ, gbé fóònù yẹn, ẹsẹ tuntun kan ti dé sí mi lẹ́nu.”

Ìpàdé tó tẹ̀lé e, Sherifdeen jókòó. Mardiyah dúró sẹ́yìn ọrùn dúdú náà, ó fi ọwọ́ kan bo ẹnu ara rẹ̀. Adìẹ rìn dé àárín títì. Sherifdeen gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, bó ṣe máa ń ṣe, kí tírélà wá pa á.

Tírélà kan yọ. Búlúù ni, wọ́n kọ Ẹ̀SỌ̀ síwájú rẹ̀. Ó rọra, ó rọra, ó dúró. Ó ṣẹ́ iná lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń kí èèyàn. Adìẹ kó àwọn ọmọ rẹ̀ kọjá níwájú rẹ̀, ó gòkè sódìkejì.

Ọkùnrin náà ò yíjú. Ó ní, “Ìyá Adìẹ, ṣé ìdáhùn nìyẹn?”

Òfin ni pé kò gbọdọ̀ lanu. Mardiyah mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ó gbé e lé ẹ̀yìn ọrùn tó kọ́kọ́ rí, ó sì fi í síbẹ̀. Òfin Táíyé ò sọ nǹkan kan nípa ọwọ́. Ẹsẹ tuntun Àjọkẹ́, tí Sherifdeen ò gbọ́ rí, tí wọn kì í gbọ́ àfi tí wọ́n bá sọdá, bá gba gbogbo gbọ̀ngàn:

A ti sọdá, ọmọ mi o,
Títì fẹ̀, a ti sọdá.
Tírélà dúró, ó kí wa o,
Ìyẹ́ apá mi tó òun náà bò.